Òfì Ìṣẹ́yìn, Kọ̀ǹpútà, àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Kọ Kóòdù

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dáhùn.

Ìbéèrè kan wà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lemọ́lemọ́ ní Òkàkà níbí. Àwọn òbí ló ń bi wá. Wọ́n ti ta iṣu, wọ́n ti ta kaṣú, wọ́n fi owó rẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ sọ́fítíwíà, iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ní ó ń mú dọ́là wọlé láì jẹ́ kí ọmọ fi ilé sílẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ pé AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ti ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé a ò ti fowó wa ṣòfò báyìí?"

A ò fẹ́ fi "yóò dáa" lásán dá wọn lóhùn. Àdúrà ń bẹ, a sì ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò, torí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì jìnnà sí wa.

Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ pé Ìṣẹ́yìn nilé aṣọ òkè. Sányán, àlàárì, ẹtù, a mọ orúkọ wọn bí ẹní mọ orúkọ ọmọ bíbí inú ẹni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ni pé iṣẹ́ aṣọ kì í ṣe ti ahunṣọ nìkan. Kí ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì, àwọn obìnrin ti yọ kóró inú òwú, wọ́n ti gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti ran án. Òwú tí ahunṣọ kan máa lò, kì í ṣe ìyá kan ló ń ran án, ìyá mélòó kan ni. Ọmọdé náà níṣẹ́ tiẹ̀: òun ló ń ká òwú sára igi fún bàbá rẹ̀. Ibi tó ti ń ká òwú náà ló ti ń wo ọwọ́ bàbá, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, títí òun náà á fi bọ́ sídìí òfì.

Nígbà tó yá, òwú òyìnbó dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Arkwright ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìrànwú rẹ̀ ní ọdún 1769. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún 19, àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire ń ran òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dọ́gba, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó o wá sí etíkun wa. Ní 1901, rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn. Ní 1902, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní British Cotton Growing Association, kí àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lè máa gbin òwú fún ẹ̀rọ wọn. Ẹ wò ó: òwú tútù ń jáde nílẹ̀ wa, òwú tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ran ń padà wọlé.

Ṣé ahunṣọ parẹ́? Rárá o. Òwú ẹ̀rọ ló jẹ́ kó lè hun púpọ̀ sí i, ó sì wà nídìí òfì ní Ìṣẹ́yìn títí di òní olónìí. Àwọn tó ń ranwú ló kógbá wọlé. Ẹ rìn kiri Òkè-Ògùn lónìí kí ẹ wá ìyá tó ṣì ń fi ọwọ́ ranwú tà, ẹ máa wá a pẹ́ kí ẹ tó rí i. Kò sí ẹni tó ṣòfin lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Ọjà ló rọra yí ojú kúrò lára wọn. Ìtàn ò tiẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé. Bí ẹ̀rọ bá wọnú iṣẹ́ kan, ẹ má kàn béèrè pé "ṣé iṣẹ́ yìí máa parẹ́?" Ẹ béèrè pé: "ọwọ́ ta ni nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ fẹ́ gbà?"

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé kí ló kan òfì kan kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìdí òfì ni kọ̀ǹpútà ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, láyé àtijọ́, bí ahunṣọ bá fẹ́ hun aṣọ olóòdòdó, ọmọdé kan ló máa ń bá a fa àwọn okùn tó ń gbé òwú sókè, ìlà dé ìlà. Ní nǹkan bí 1804, Joseph-Marie Jacquard gbé ẹ̀rọ kan jáde tó fi páálí oníhò rọ́pò ọmọ yẹn. Ibi tí ihò bá wà, òwú á gòkè. Ibi tí kò bá sí, òwú á dúró. Charles Babbage nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí páálí yìí, ó ní òun máa lò ó fún ẹ̀rọ ìṣírò tí òun ń gbìmọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Herman Hollerith fi páálí oníhò ṣe ìṣírò ètò ìkànìyàn ọdún 1890. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pa pọ̀ di èyí tó ń jẹ́ IBM láti 1924. IBM yìí náà ló dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìpínlẹ̀ wa tipẹ́?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ pín sí méjì. Ẹnì kan á ronú ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe. Ẹlòmíì, tí wọ́n ń pè ní coder, á jókòó máa yí èrò yẹn padà sí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àfararọ kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Ní 1952, obìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Hopper gbé ètò kan jáde tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ṣe lára iṣẹ́ ìtúmọ̀ yẹn. Ní 1957, John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé FORTRAN jáde, èyí tó jẹ́ kí èèyàn máa kọ ohun tó fẹ́ bí ẹní kọ ìṣírò sílẹ̀, kí ẹ̀rọ sì túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ coder ayé ìgbà yẹn parẹ́. Àmọ́ iye àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kò dín, ṣe ló ń pọ̀ sí i, torí bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn sí i ni àwọn tó nílò rẹ̀ ń pọ̀. Ẹni tó ń ranwú lọ, ahunṣọ dúró. Ìtàn Ìṣẹ́yìn kan náà ni, ibòmíì ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Ní 2014, wọ́n dá Andela sílẹ̀ ní Èkó. Ohun tí wọ́n ṣe yé gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: wọ́n ń mú ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ń san owó fún un, wọ́n sì ń fi í síṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ ṣáájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là sínú rẹ̀, Zuckerberg fúnra rẹ̀ sì wá sí Yábàá lọ́dún yẹn. Inú gbogbo wa dùn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela kéde pé àwọn ń jẹ́ kí nǹkan bí 400 ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ lọ, ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹni tó ti nírìírí. Iṣẹ́ tó wà fún ọmọ ẹ̀yìn kò tó. Ẹ kíyè sí ọdún náà dáadáa: 2019. AI tí à ń sọ yìí kò tíì dé. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ti ń mì kí ẹ̀rọ tó gbá a.

Ìgbà tó gbá a ńkọ́? Ní 2021, GitHub gbé Copilot jáde fún ìdánwò, tó ń bá èèyàn parí kóòdù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ChatGPT dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ̀gá Google, Sundar Pichai, sọ pé ó lé ní ìdá mẹ́rin kóòdù tuntun wọn tí AI ń kọ, tí àwọn ẹnjiníà wọn wá ń yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford wo ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 22 sí 25, iye tó níṣẹ́ ti fi bí ìdá márùn-ún dín sí ti ìparí ọdún 2022. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn kò rí irú ìyẹn.

Ẹ̀rọ yìí kì í sì í ṣe ọlọ́run. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn olùwádìí METR dán ọ̀gá 16 wò, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Nígbà tí wọ́n lo AI, iṣẹ́ wọn fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn rò pé ó yára ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa pàápàá kò mọ̀ ìgbà tí ẹ̀rọ ń dá òun dúró. Ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ̀yin ará. A ò bẹ̀rù fún ọ̀gá. Ọmọ ẹ̀yìn ni à ń bẹ̀rù fún. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tún àṣìṣe kékeré ṣe, kó to ojú ewé kan, kó dán nǹkan wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yẹn gan-an ni AI ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ọmọ ti ń wo ọwọ́ bàbá. Bí kò bá sí ẹni tó ń ká òwú mọ́, ta ló máa jókòó sídìí òfì ní ogún ọdún sí i? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ó tún wá le fún ọmọ Òkàkà ju ọmọ Èkó lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú tó máa gbà á wọlé. Iṣẹ́ kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ilẹ̀kùn tó ní, ìyẹn náà ni ẹ̀rọ dúró sí lẹ́nu. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn 30,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí àwọn òbí nìyí: owó yín kò ṣòfò, bí ọmọ yín kò bá dúró sídìí ìrànwú. Ẹni tó bá ń kọ́ kìkì bí wọ́n ṣe ń tẹ kóòdù, ó ń kọ́ ìrànwú nígbà tí òwú Lancashire ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Kó lo AI, ṣùgbọ́n kó lè ṣàlàyé gbogbo ìlà tí ẹ̀rọ kọ fún un, kó sì lè rí i níbi tó ti parọ́. Kó wá ìṣòro tó wà ládùúgbò rẹ̀ yanjú. Ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ṣì wà nínú ìwé líle tí ikán lè jẹ. Àgbẹ̀ ń ta kaṣú láì mọ iye tí wọ́n ń rà á ní ìlú kejì. Ta ló máa kọ èyí tó gbọ́ Yorùbá wa, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ? Ẹ̀rọ tó wà ní Amẹ́ríkà kò mọ ọjà Òkàkà. Ọmọ yín mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì kan ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn tí ẹ ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé iṣẹ́ á tẹ̀lé owó oníbàárà, a ti rí ìyẹn ní 2019. Ẹ̀yin ni ẹ lè mú ọmọ kan, ọ̀kan péré, kí ẹ fún un níṣẹ́ gidi, kí ẹ máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí AI tiẹ̀ lè yára ṣe é jù ú lọ. Bàbá ahunṣọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ká òwú. Ó fi sílẹ̀ fún ọmọ kí iṣẹ́ má bàa kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Nínú ìwé Ẹ́kísódù, Besaleli ni Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà, títí kan aṣọ híhun. Ẹ lọ kà á ní orí 35, ẹ ó rí i pé ẹ̀bùn láti kọ́ ẹlòmíì wà lára ohun tí Ọlọ́run fún un. Ẹ̀bùn méjèèjì ló wọlé pọ̀.

Ní tiwa níbí, gbọ̀ngàn ìjọ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, iná sólà wà, ìjókòó wà. A ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ ìjọ wa ni, bóyá Mùsùlùmí ni. Ohun tó kù ni ọ̀gá. Bí ẹ bá lè gba ọmọ kan, ẹ kọ "Mo wà níbẹ̀" sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, a ó kàn sí yín. Bí ẹ ò bá lè gbà, ẹ bá wa pín in kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè gbà.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa ṣófo. Àmín.