Ọmọ títọ́ àti ìtọ́jú òbí àgbà ní àwọn abúlé Ìbàdàn

Ọmọ títọ́ àti ìtọ́jú òbí àgbà jẹ́ ìpìlẹ̀ ìgbé-ayé ẹbí láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Lára àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni Ìrókò, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Àṣà náà ni pé òbí a máa tọ́ ọmọ nígbà tí ọmọ kò tíì lè dá nǹkan ṣe, ọmọ náà a sì máa tọ́jú òbí nígbà tí agbára òbí bá ti ń tán. Òwe Yorùbá tó sọ ọ́ ni pé, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láti ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ilé-ìwé àti iṣẹ́ ti mú jìnnà sí ilé, èyí sì ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìtọ́jú náà padà.

Ilé àti oko

Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, ìdílé púpọ̀ níbẹ̀ ti ní ibùgbé méjì: agboolé ní ìgboro àti abà ní oko. Mọ́gàjí ni olórí agboolé. Baálẹ̀ ni olórí abúlé. Inú oko ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgboro ni wọ́n ń wálé sí fún ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Àwọn abúlé wọ̀nyí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Mọ́níyà, Lágelú, tí tirẹ̀ jẹ́ Ìyànà Ọfà, Ẹgbẹ́dá, àti Ọ̀nà-Àrà, tí tirẹ̀ jẹ́ Akánrán. Kòkó, ọ̀pẹ, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ohun ọ̀gbìn tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀.

Ìbí àti ìsọmọlórúkọ

Nígbà àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti àwọn ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ó kárí gbogbo wọn, yálà ilé Mùsùlùmí ni tàbí ilé Kristẹni. Omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún ọmọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà a máa jẹ́ Babátúndé, ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà a sì máa jẹ́ Yétúndé tàbí Ìyábọ̀.

Ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ ni ó sábà máa ń wá wẹ ọmọ tuntun, tí yóò sì máa fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, kò ṣàjèjì kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ànfààní rẹ̀ jẹ́ ti ẹni méjèèjì: ìyá ọmọ a ráyè ṣòwò, ìyá àgbà a sì rí ẹni bá a pọnmi, ẹni bá a mú iná wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Iṣẹ́ oko àti ìdàgbàsókè ọmọ

Ní abúlé, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà. Ọmọ kékeré a máa jíṣẹ́, a sì máa lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo. Bí ó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, a máa roko, a máa kó kòkó jọ, a sì máa ru ẹrù wálé. Bàbá a máa fi oko díẹ̀ lé ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà lọ́wọ́ kí ó máa dá a fún ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ara wọn a máa ṣe àáró, ìyẹn ni pé wọ́n ń bá ara wọn roko ní ìyípo. Ọmọkùnrin tó ti ní àfẹ́sọ́nà a máa bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀. Báyìí ni agbára ọ̀dọ́ ṣe ń dé oko àgbàlagbà láìsí pé a san owó iṣẹ́.

Ilé-ìwé

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955. Nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí, wọ́n a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, a padà sílé di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò sọ pé ọmọ kò ná òbí ní nǹkan. Ọwọ́ tó ń roko tẹ́lẹ̀ ti di ọwọ́ tó ń kọ̀wé, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ bàbá sì ń tà san owó ilé-ìwé gíga. Nígbà tí iye tí ìjọba ń ra kòkó kò tẹ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn mọ́, tí owó orí sì ń wúwo, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1968 sí 1969 ní agbègbè yìí. Táfà Adéoyè, ọ̀kan lára àwọn olórí rẹ̀, wá láti agbègbè Akánrán.

Ìwádìí àwọn onímọ̀

John C. Caldwell, onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí púpọ̀ nípa ẹbí ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1976, ó ní níbi tí ẹbí ti ń ṣiṣẹ́ oko pọ̀, ọrọ̀ a máa ti ọwọ́ ọmọ ṣàn lọ sí ọwọ́ òbí, èyí sì mú kí ọmọ púpọ̀ lérè. Bí ìṣàn náà bá yí padà, tí òbí ni ó ń náwó lé ọmọ, àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ ni ohun tó lágbára jù tó ń fa ìyípadà yìí. Sara Berry, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní ọdún 1985 lórí àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó nílẹ̀ Yorùbá, tó pe àkọlé rẹ̀ ní Fathers Work for Their Sons, ìyẹn ni pé àwọn bàbá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin wọn.

Ọjọ́ ogbó

Àgbẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí oko jíjìn bá ti ń nira, àgbàlagbà a máa dáko ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí ó máa bó ẹ̀gẹ́, kí ó máa pa ẹ̀kùrọ́, kí ó sì máa tọ́ ọmọ-ọmọ. Àwọn tó ń gba owó oṣù ni wọ́n ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 fún. Ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò lè fi máa dá owó ìfẹ̀yìntì tiwọn pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ìtọ́jú ọ̀hún pín sí méjì báyìí. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń fi fóònù béèrè àlàáfíà. Ẹni tó wà nílé, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin, ìyàwó ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, ni ó ń se oúnjẹ, tó ń fọ aṣọ, tó sì ń gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn. Owó ṣeé kà, nítorí náà gbogbo ẹbí ni ó ń mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́; òru àìsùn kò ṣeé kà.

Ìlera àwọn àgbà

Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ṣèwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàrin àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú ọdún kan, àrùn Alzheimer tuntun ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, ó sì ń mú ìdá 2.52 ní Indianapolis. Síbẹ̀, àrùn náà wà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: wọ́n ní àgbàlagbà ń ṣarán. Níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ pé àìsàn ni, wọ́n lè fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan. Ní ọdún 2012, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ibi ìtọ́jú kan tó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan.

Ìsìnkú àti ogún

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìsìnkú àgbàlagbà jẹ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọ sì ni ó ń gbé ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pínpín ogún. Ọ̀nà méjì ni àṣà mọ̀: ìdí-igi, tí wọ́n fi ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, àti orí-ò-jorí, tí olúkúlùkù ọmọ ń gba ìpín kan. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé tó dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní London ní ọdún 1962, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni òfin àṣà Yorùbá. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ó yẹ kí wọ́n fi parí aáwọ̀. Ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún bí ọmọkùnrin.

Nínú ọ̀nà méjèèjì, ìtọ́jú òbí kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń wọn ìpín. Ẹni tó gbé pẹ̀lú arúgbó títí dé òpin àti ẹni tó wá fún ìsìnkú nìkan lè gba ìpín kan náà. Bí Ìbàdàn ṣe ń gbòòrò, tí ilẹ̀ oko sì ń di ilẹ̀ ilé, èyí ti di orísun aáwọ̀ láàrin àwọn ọmọ ìyá. Nítorí náà, àwọn òbí kan a máa kọ ìwé ìhágún, àwọn mìíràn a sì máa fi ilẹ̀ tàbí yàrá lé ẹni tó ń tọ́jú wọn lọ́wọ́ níṣojú ẹbí nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.