Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Lórí Kọ̀ǹpútà àti Ìtọ́jú Dátà: Àpẹẹrẹ Ọ̀wọ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà ni ètò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń kọ ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀, dípò ìwé pépà tí wọ́n ń lò ní làábù látijọ́. Gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń ní orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ àti wákàtí lára. Bí ẹnìkan bá yí nọ́ńbà kan padà, ti tẹ́lẹ̀ kì í parẹ́; ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á rí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìtọ́jú dátà ìwádìí gbòòrò ju èyí lọ: ó kan bí a ṣe ń gba dátà, ibi tí a ń pa á mọ́ sí, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó, àti ohun tí yóò dà lẹ́yìn tí olùwádìí bá ti fẹ̀yìn tì. Ìwádìí tí ẹlòmíràn kò lè tún yẹ̀ wò láti orí àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì di ìmọ̀ tí a lè fi ara tì. Ní ilẹ̀ Upenmen, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ẹ̀mí ènìyàn ló so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibà Lassa.

Dátà ibà Lassa ní Ọ̀wọ̀

Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ ní 1969. Eku ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ sì ń kó o ran ènìyàn. Ní 2018, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ènìyàn 633 ló ní in ní Nàìjíríà, 171 sì kú nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Òǹdó àti Ebonyi ló pọ̀ sí jù. FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn Òǹdó. Níbẹ̀ náà ni àwọn dókítà Nàìjíríà, ẹgbẹ́ oníṣègùn ALIMA, iléeṣẹ́ Inserm ti ilẹ̀ Faransé àti yunifásítì Bordeaux ti ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní LASCOPE. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018 sí ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2020, aláìsàn Lassa 534 ni wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn náà. 510 gbà kí wọ́n lo dátà wọn, 62 ló sì kú. Ìwádìí náà fi hàn pé kíndìnrín tó ń dáṣẹ́ sílẹ̀ wà lára àmì tó burú jù. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó mọ̀ pé kíndìnrín ń bàjẹ́, ó sábà máa ń ní láti fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tòní wé ti ìjẹta. Bí ọjọ́ bá sọnù lára ọ̀kan, tàbí tí a kò kọ òṣùwọ̀n tí a lò, nọ́ńbà méjèèjì ti di asán. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n fi sùúrù ṣe ni dátà àwọn 510 yẹn dúró lé.

Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, ìbẹ̀rù ńlá wà pé bóyá kòkòrò Lassa ti yí padà, tó sì ń ti ara ènìyàn ran ènìyàn. Làábù ilé ìwòsàn Irrua ní Ẹdó, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti ìlú Hamburg ní Jámánì, ka àbùdá kòkòrò náà láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n sì gbé èsì síta fún gbogbo ayé kí wọ́n tó tẹ àpilẹ̀kọ wọn jáde ní 2019. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn kòkòrò náà yàtọ̀ síra gan-an, èyí tó túmọ̀ sí pé eku ló ń kó o ran ènìyàn ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àbùdá nìkan kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá mọ ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti àgbègbè tí aláìsàn ti wá. Nítorí pé àkọsílẹ̀ pé, ìjọba lè dojú kọ eku, oúnjẹ àti ìmọ́tótó ilé, dípò kí ará ìlú máa sá fún ara wọn.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀ràn ribavirin

Òògùn ribavirin tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn Lassa fi ohun tí àìtọ́jú dátà ń ná wa hàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone, tó jáde ní 1986, ni ìlò rẹ̀ gbára lé jù. Ó ní láàrin àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn fi hàn pé ewu ń bẹ, ẹnìkan péré ló kú nínú 20 tí wọ́n fún ní òògùn náà gba inú iṣan láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ibà. Nínú 43 tí tiwọn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, 11 kú. Ìròyìn mìíràn tí wọ́n kọ lórí dátà náà ní 1992 wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà títí àwọn olùwádìí fi fi òfin béèrè fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì tẹ èrò wọn jáde ní 2021, wọ́n rí àmì pé òògùn náà lè pa àwọn tí àìsàn wọn kò le púpọ̀ lára dípò kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn kò ní kí a da òògùn náà nù. Wọ́n ní kí a tún un dán wò dáadáa. Ká ní dátà àkọ́kọ́ wà níbi tí àwọn dókítà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti lè rí i, ìbéèrè yìí ì bá ti wáyé ní ìgbà tó ti pẹ́.

Àwọn àtakò

Àwọn kan ń sọ pé pépà ti tó. Òótọ́ ni pé pépà ti ṣe iṣẹ́ ńlá ní Ọ̀wọ̀ gan-an. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ tí wọ́n fi sí ọ̀rúndún 15 jáde, ìwé àti àwòrán ló fi pa ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà mọ́. A kò lè wa ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà àkọsílẹ̀ náà ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo ni pépà sábà máa ń ní, iná, òjò àti ikán sì mọ ojú rẹ̀. Ní ìyàrá ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìsàn Lassa, ìṣòro mìíràn tún wà: pépà tó bá ti wọ ibẹ̀ kò yẹ kó jáde mọ́, torí pé ó lè ti kó àrùn. Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ní Sierra Leone, ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ MSF pẹ̀lú iléeṣẹ́ Google fi ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè rì bọ inú omi kílórínì.

Àtakò kejì le ju èyí lọ: iná mànàmáná kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń lọ. Síbẹ̀, REDCap, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba dátà ìwádìí tí yunifásítì Vanderbilt dá sílẹ̀ ní 2004, ní áàpù tó ń gba dátà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì ń fi í ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Bátìrì àti sólà lè gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè pèsè ni ènìyàn: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ dátà wò lójoojúmọ́, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ti ṣe iṣẹ́ mọ́jú. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí a kò gba ẹni náà síṣẹ́, owó ẹ̀rọ ti ṣòfò.

Àtakò kẹta ni pé dátà wa yóò gba orí kọ̀ǹpútà lọ sí òkè òkun, àwọn ará ibẹ̀ á sì fi di olókìkí. Ìbẹ̀rù yìí ní ìpìlẹ̀, ọ̀ràn ribavirin sì jẹ́rìí sí i. Àmọ́ pépà kò dáàbò bo dátà Sierra Leone. Àìsí ẹ̀dà nílé ló fa ìṣòro náà. Ètò bíi eLabFTW, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Institut Curie ní Paris, jẹ́ ọ̀fẹ́, ilé ìwòsàn sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àdéhùn tí a bá kọ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò sọ pé ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn ló kẹ́yìn. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ààbò pàtàkì. Ní ìlú kékeré, yíyọ orúkọ kúrò kò tó. Ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti abúlé nìkan lè tú aláìsàn fó. Àwọn ìlànà FAIR fún ìtọ́jú dátà, tí wọ́n gbé jáde ní 2016, pàápàá kò ní kí gbogbo dátà wà ní gbangba. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ó ṣeé rí, kí ó ṣeé gbà lábẹ́ òfin, kí ó bá dátà mìíràn mu, kí ó sì ṣeé tún lò. Àbùdá kòkòrò lè wà ní gbangba. Fáìlì aláìsàn yóò wà ní títì, tí àkọsílẹ̀ yóò máa fi hàn ẹni tó ṣí i.

Ohun tó yẹ

Iṣẹ́ náà kò ju agbára Upenmen lọ. Kí ìwádìí kankan tó gba aláìsàn àkọ́kọ́ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìfọ́n ní Ọ̀sẹ̀, ó yẹ kí ètò dátà rẹ̀ ti wà lórí ìwé: òṣùwọ̀n tí wọn yóò lò, ibi tí ẹ̀dà yóò wà, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí owó olùrànlọ́wọ́ bá tán. Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University, tí àwọn méjèèjì wà ní Ọ̀wọ̀, lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ làábù. Àwọn ènìyàn 510 náà fi dátà wọn sílẹ̀ nígbà tí wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò yè é. Gbèsè tí sáyẹ́ǹsì jẹ wọ́n ni pé kí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wà ní pípé, kí ó sì wà níbi tí dókítà tí yóò tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn ti lè rí i kà.