Àmì Ọ̀pá Àṣẹ Gàbọ̀n

Àmì ọ̀pá àṣẹ Gàbọ̀n ni àwòrán tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ń fi dá ara rẹ̀ mọ̀ lórí ìwé àti nílé iṣẹ́ rẹ̀ ní Libreville, olú-ìlú wọn. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1963 ni wọ́n gbà á wọlé, nígbà tí òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Louis Mühlemann, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó mọ iṣẹ́ àsíá àti àmì dunjú, ló yà á. Òun náà ló ya ti Kóńgò Brazzaville tó múlé tì wọ́n.

Iṣẹ́ kíkun àmì sára asà bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Jagunjagun tó ti fi irin bo orí àti ojú kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, ni àwọn ọlọ́lá bá ń kun asà wọn kí àwọn ènìyàn wọn lè mọ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí àmì náà fi di ohun tí baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń sọ láàárín wa pé ọmọ Olówu nìyí, ọmọ Ọ̀pómúléró nìyẹn. Òfin rẹ̀ sì le. Wúrà àti fàdákà, tí wọ́n ń fi yẹ́lò àti funfun hàn, kì í gun ara wọn; dúdú, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé náà kì í gun ara wọn. Ohun tó fà á ni pé ojú gbọ́dọ̀ rí àwòrán náà kedere láti òkèèrè.

Faransé tó jọba lé Gàbọ̀n lórí kò ní àṣà yìí láti fi sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1790, nígbà ìyípadà ńlá wọn, wọ́n pa oyè àjogúnbá àti àmì ìdílé rẹ́ pọ̀. Abájọ tí Mali àti Mauritania, tí àwọn náà bọ́ lábẹ́ Faransé, fi yan èdìdì roboto tí kò ní asà nínú. Gàbọ̀n kò bá wọn lọ. Asà pọ́ńbélé ló gbé jáde, ó sì pa òfin àwọn àgbà iṣẹ́ náà mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe pa á mọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti inú bọ́ sí ìta. Òkè asà náà jẹ́ àwọ̀ ewé, òbìrípo wúrà mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, tó dúró fún ọrọ̀ inú ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wúrà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ dúdú kan ti ń lọ lórí òkun búlúù, tó ta àsíá Gàbọ̀n sókè. Wúrà lórí àwọ̀ ewé, dúdú lórí wúrà: kò sí èyí tó gun ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti búlúù yìí náà ló wà nínú àsíá tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, èyí tó ń sọ ti igbó, ti ìlà agbedeméjì ayé tó gba orílẹ̀-èdè náà kọjá, àti ti òkun.

Òbìrípo mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìlérí òfìfo. Epo rọ̀bì ti ń jáde ní agbègbè Port-Gentil kí òmìnira tó dé, iṣẹ́ kùsà uranium bẹ̀rẹ̀ ní Mounana ní 1961, ti manganese sì tẹ̀ lé e ní Moanda ní 1962. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn ni wọ́n yà.

Ìtumọ̀ tí ìjọba fún ọkọ̀ náà ni pé orílẹ̀-èdè ń tukọ̀ lọ sí ọjọ́ iwájú rere. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ní Libreville, ọkọ̀ ní ìtàn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ni Bouët-Willaumez, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé, gbé wá sí ẹnu odò Gàbọ̀n tí òun àti Ọba Rapontchombo, tí Faransé ń pè ní Ọba Denis, fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọdún 1839. Ní 1846, ọkọ̀ ogun Faransé mú ọkọ̀ akẹ́rú tó ń jẹ́ Elizia, ní 1849 sì ni wọ́n tẹ díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú rẹ̀ dó síbi tí a wá mọ̀ sí Libreville, ìlú àwọn òmìnira. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi ojú lásán wo ọkọ̀ dúdú orí asà náà.

Lójú tèmi, igi ni ọba gbogbo rẹ̀. Níbi tí àwọn ará Yúróòpù máa ń gbé àṣíborí ogun kà, lókè asà, igi okoumé ni Gàbọ̀n fi síbẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ bo asà lórí, gbòǹgbò rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Gàbọ̀n gan-an ni ilé igi yìí. Ìwọ̀nba ló wà ní Kóńgò, Equatorial Guinea àti Kamẹrúùnù. Igi rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń bó o ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra di pákó. Kí òyìnbó tó sọ ọ́ di gẹdú títà, àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n láti ara rẹ̀, wọ́n sì ń fi oje rẹ̀ ṣe ògúṣọ̀ tí ń tàn lálẹ́ ọjọ́ ètùtù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, odindi ìtì ni wọ́n ń kó lọ sókè òkun. Ọdún 2010 ni ìjọba fòfin dè é: gẹdú tí a kò tíì là kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Nkok, nítòsí Libreville, ni wọ́n kó ilé iṣẹ́ tó ń là á sí.

Ẹkùn dúdú méjì ló gbé asà náà dúró. Ẹkùn dúdú kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ẹkùn náà ni, àwọ̀ dúdú ló bo tó-tò-tó ara rẹ̀, bí oòrùn bá sì ràn sí i dáadáa, ojú á tún rí i. Àlàyé ìjọba ni pé ìṣọ́ra àti ìgboyà ààrẹ tó ń dáàbò bo ìlú ni wọ́n dúró fún. Níbí ni mo ti yapa. Ẹkùn tóbi ju ẹnì kan lọ. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ààbò gbogbo ìlú ni wọ́n fi orúkọ ẹranko náà wá. Àwọn ará Gàbọ̀n náà ti gba ẹkùn wọn fún ara wọn, nítorí Panthères, ìyẹn àwọn ẹkùn, ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn. Orílẹ̀-èdè Benin náà fi ẹkùn méjì ti asà tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀já méjì ló gbé ọ̀rọ̀. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ Faransé: Union, Travail, Justice, ìyẹn Ìṣọ̀kan, Iṣẹ́, Ìdájọ́ Òdodo. Ti abẹ́ ẹ̀ka igi jẹ́ Látìnì: Uniti Progrediemur, a ó jọ tẹ̀síwájú ní ìṣọ̀kan. Kò wọ́pọ̀ kí àmì kan ní ọ̀rọ̀ méjì ní èdè méjì. Ó dùn mí pé kò sí èdè ìbílẹ̀ wọn bíi Fang, Punu tàbí Myènè níbẹ̀. Kenya kọ Harambee sára tirẹ̀, Botswana kọ Pula, kò sì dín iyì wọn kù. Àwa náà ní Nàìjíríà kò ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ ẹṣin funfun méjì tiwa.

Èdìdì orílẹ̀-èdè náà yàtọ̀ sí àmì yìí. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ló wà lórí rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1991.

Léon M'ba ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n gba àmì náà. Omar Bongo lò ó láti 1967 di 2009, ọmọ rẹ̀ Ali Bongo gbà á lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ológun sì gba ìjọba lọ́wọ́ ìyẹn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 lábẹ́ Brice Oligui Nguema, olórí àwọn ológun náà. Nínú gbogbo rẹ̀, àmì ọ̀pá àṣẹ ọdún 1963 ni wọ́n ṣì ń lò.