Bàbà àti Alábàáṣe Rẹ̀: Ìtàn Ìwádìí lórí Àsopọ̀ Bàbà tí ń Pa Kòkòrò Àrùn

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé bàbà a máa pa kòkòrò àrùn. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé bàbà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn: èròjà tí a so mọ́ bàbà wà lára ohun tí ń pinnu bí agbára rẹ̀ yóò ti tó.

Ní 1882, Millardet, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ewéko ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé àwọn àjàrà etí ọ̀nà ní Médoc ṣì ní ewé lára nígbà tí àrùn ti wọ́ ewé àwọn yòókù dànù. Àwọn olóko ti wọ́n bàbà sọ́lífétì àti ẹfun sí wọn lára kí olè má baà já èso wọn. Ó gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1885. Bàbà sọ́lífétì nìkan a máa jó ewé. Ẹfun ni ó ń dín oró rẹ̀ kù. Oògùn bàbà bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá fi gbógun ti àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú.

Ní 1893, Alfred Werner ṣàlàyé pé mẹ́táàlì a máa wà láàárín, tí àwọn èròjà tí a ń pè ní lígáǹdì yóò sì tò yí i ká ní ètò pàtó. Ní 1950, Rubbo, Albert àti Gibson fi hàn pé oxine nìkan kò pa bakitéríà nínú omi tí kò ní mẹ́táàlì. Bàbà tàbí irin díẹ̀ nìkan kò sì pa á. Nígbà tí oxine àti mẹ́táàlì pàdé ni bakitéríà kú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní 1979, Sigman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àsopọ̀ bàbà àti phenanthroline lè gé DNA. Bí a bá fi amino acid rọ́pò phenanthroline kan, àsopọ̀ onílígáǹdì méjì ni yóò jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, èròjà mẹ́rin ni yóò yí bàbà ká ní ìsàlẹ̀, tí ọ̀kan yóò sì wà lókè, bí òrùlé ṣónṣó.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Phenanthroline nìkan pàápàá a máa pa bakitéríà. Fífẹ̀ àyíká tí bakitéríà kò ti hù nínú àwo agar sì tún sinmi lórí bí èròjà náà ti ń tàn kálẹ̀ sí. Nítorí náà, ìwádìí tí kò bá fi àsopọ̀ wé iyọ̀ bàbà nìkan àti lígáǹdì kọ̀ọ̀kan kò tí ì mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó pa kòkòrò nínú àwo kò tí ì di oògùn títí a ó fi mọ ohun tí yóò ṣe sí ara ènìyàn.