Ọjọ́, Kìlómítà àti Aago: Bí Ìṣirò Ìrìn-àjò Ṣe Yí Padà ní Agbègbè Bassila àti Manigri

Kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, ọjọ́ ni àwọn ará Bassila àti Manigri, ní ẹkùn Donga ní orílẹ̀-èdè Benin, fi ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìlú tí ẹlẹ́sẹ̀ bá sùn lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kó tó dé jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, bí òjò bá sì mú kí odò kún, ọ̀nà kan náà lè di ìrìn ọjọ́ márùn-ún. Ìṣirò yìí bá àwọn oníṣòwò obì lára mu, àwọn tí ń ti Salaga gba Djougou lọ sí ilẹ̀ Haúsá, nítorí pé iye oúnjẹ tí wọn yóò dì sẹ́rù ló jẹ wọ́n lógún. Àwọn Faransé ló mú kìlómítà wọlé, ọkọ̀ ojú irin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ó dé Parakou ní 1936, kìlómítà 438 láti Kútọnu.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú ń tọ̀ kò ní òkè tàbí odò tí yóò yà fún. Òun ló kúrú jù láàárín ibi méjì lórí ayé tó rí róbótó: bí èèyàn bá fa okùn le láti ibì kan sí ibòmíràn lẹ́yìn igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ipa tí okùn náà gbà gan-an ni. Láti Kútọnu sí Parakou, okùn yìí tó nǹkan bíi kìlómítà 335, èyí tó fi bí ọgọ́rùn-ún dín sí ti ojú irin. Awakọ̀ òfurufú a máa kà á ní máìlì ojú òkun, òṣùwọ̀n tí ìpàdé àgbáyé kan ní Monaco fi sí mítà 1,852 ní 1929.

Àkókò ló ṣòro kà. Èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní ìdúró títí di ìgbà tó bá tún dúró, kò sì ka ti ojú títì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ará Manigri tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Kútọnu yóò kọ́kọ́ rin ohun tó ju 300 kìlómítà lọ nínú mọ́tò. Aago pàápàá ní tirẹ̀, nítorí pé Benin fi wákàtí kan ṣíwájú Togo: ọkọ̀ tó gbéra ní Kútọnu ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tó fi ogójì ìṣẹ́jú fò, yóò balẹ̀ ní Lomé nígbà tí aago ibẹ̀ wà ní mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, bí ẹni pé ó dé kó tó lọ. Kì í ṣe òfurufú nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ ní Manigri àti ní Kambolé tó wà ní Togo, síbẹ̀ ẹni tó bá fi ọ̀kadà lọ kí ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ ní láti dá aago ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.