Ajá Tí Ẹ̀rù Bà Kì í Gbọ́ Fèrè Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ tí ó bá ń ṣe orí kunkun, tí ó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn, ni wọ́n sábà máa ń pa òwe náà fún. Òwe náà kò sọ ìdí tí ajá kò fi gbọ́ fèrè. Àwa tí a ń pa á ni a gbà pé àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe pẹ̀lú ajá láti nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà ní ìdí gbogbo rẹ̀: nígbà tí ajá kò bá gbọ́ fèrè, ṣé kò fẹ́ gbọ́ ni, tàbí kò lè gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ajá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé olówó rẹ̀. Bí àlejò bá yọ, tàbí bí ajá mìíràn bá ń kọjá lọ ní òpópó, irun ọrùn rẹ̀ a dìde, a sì máa gbó kíkankíkan, a máa fa ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ bí ẹni pé yóò já a. Olówó rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Ó ju ẹran sí i, kò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ajá burúkú ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ni ó ń ba ajá bẹ́ẹ̀. Gbígbó ni ó fi ń lé ohun tí ó ń já a láyà jìnnà, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá ka ìwà yìí sí àfojúdi yóò mú pàṣán. Ẹni tí ó bá kà á sí ìbẹ̀rù yóò wá ọ̀nà mìíràn. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kúrò ní ìdí pàṣán bọ́ sí ọ̀nà kejì ni àròkọ yìí dá lé.

ÀSÌKÒ PÀṢÁN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọlọ́pàá àti ológun ni ó mú ẹ̀kọ́ ajá ní ọ̀kúnkúndùn jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni Konrad Most, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ Jámánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ajá ọlọ́pàá ní ìlú Saarbrücken ní ọdún 1906, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1910. A kò gbọdọ̀ rẹ́ Most jẹ. Ó mọ̀ pé èrè ń kọ́ ajá, ó sì mọ̀ pé àkókò tí a bá fún un ní èrè tàbí ìyà ṣe pàtàkì. Síbẹ̀, ipá ni ó fi ṣe òpómúléró ẹ̀kọ́ rẹ̀: fífa ọrùn ajá lójijì, àti ẹgba nígbà tí ajá bá kọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, William Koehler gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì tẹ̀ lé e.

Ìlànà yìí kò ṣàì ní èso. Ọ̀pọ̀ ajá ni ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ajá tí àyà ń já bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó mọ pàṣán nìkan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ó rí àlejò, ẹ̀rù bà á, ó gbó, a sì nà án. Ohun tí ó kọ́ ni pé nígbàkígbà tí àlejò bá yọ, ìrora ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àlejò tí ó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ó tọ́ kí a bẹ̀rù ní tòótọ́.

ÀWỌN AJÁ PAVLOV

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ orúkọ Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Ní ìlú St. Petersburg, ó ṣàkíyèsí pé itọ́ a máa yọ ní ẹnu ajá kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ̀, bí ajá náà bá ti rí àmì pé oúnjẹ ń bọ̀. Apá tí a fi ń kọ́ni ní kíláàsì nìyẹn. Apá tí a kì í sábà sọ ni ti àwọn ajá tí ọkàn wọn dàrú lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1914, obìnrin kan nínú àwọn tí ń bá Pavlov ṣiṣẹ́, Shenger-Krestovnikova, kọ́ ajá kan pé bí ó bá rí ìmọ́lẹ̀ róbótó, oúnjẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ náà bá gùn bí ẹyin, kò sí oúnjẹ. Ajá náà tètè mọ ìyàtọ̀. Ni wọ́n bá ń sọ ẹyin náà di róbótó díẹ̀díẹ̀, títí gígùn rẹ̀ fi jẹ́ 9 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 8. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti yíwọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ajá tí ó ti máa ń dúró jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ké, ó ń jàjà lórí ìdúró, ó ń fi eyín fa àwọn ohun èlò tí a so mọ́ ọn já. Bí wọ́n bá ti ń mú un wọ inú yàrá náà, a máa gbó kíkankíkan, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó sì gbàgbé ìyàtọ̀ rírọrùn tí ó ti mọ̀. Kò sí ẹni tí ó na ajá yìí. Ìdààmú nìkan ni ó sọ ọ́ di oníjàgídíjàgan.

Èyí tí ó tún hàn gbangba jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1924, lẹ́yìn tí ìlú náà ti di Leningrad. Omíyalé ńlá bo ìlú, omi wọ ilé àwọn ajá Pavlov, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti mú wọn la omi já nínú ìjì àti ariwo. Wọ́n yọ, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn kan nínú wọn kò bọ̀ sípò. Ajá kan wà nínú wọn tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ nínú yàrá iṣẹ́, tí ohun gbogbo tí ó ti kọ́ fò lọ, tí ó sì kọ oúnjẹ. Ó dájú pé kì í ṣe àfojúdi ni ó mú un kọ oúnjẹ.

Kí ni wọ́n ṣe fún un? Speransky, ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ Pavlov, wọ inú yàrá náà lọ, ó sì jókòó ti ajá náà. Bí ajá ti rí i nítòsí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì padà wá. Àwọn àgbà wa sọ pé ajá tí ó bá rí ojú olówó rẹ̀ ni í pa ọ̀bọ. Ohun tí òwe yìí ń wí ni a rí ní Leningrad. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò tíì tán. Nígbà tí ajá ti dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, wọ́n jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìsí ariwo. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìpayà tún dé, tí ẹ̀kọ́ tún fò lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

ỌMỌDÉ KAN ÀTI EHORO

Báwo wá ni a ṣe lè yọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ajá kọ́ ni ìdáhùn ti wá. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ń tọ́jú ọmọdé ni ó ti wá, ní ọdún 1924 kan náà, ní ìlú New York. Mary Cover Jones ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó pè ní Peter nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá, ehoro sì ń bà á lẹ́rù gidigidi. Jones kọ́kọ́ jẹ́ kí ó máa bá àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro ṣeré, ó sì ń sàn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé Peter lọ sí ilé ìwòsàn fún nǹkan bí oṣù méjì; ní ọjọ́ tí ó ń bọ̀ wá sílé, ajá ńlá kan fò mọ́ òun àti nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ̀rù àtijọ́ padà wá.

Ni Jones bá dá ọgbọ́n mìíràn. Ó gbé Peter ka orí àga, ó fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, ó sì gbé ehoro inú àgò sí ọ̀nà jíjìn tí kò ní da oúnjẹ náà rú mọ́ ọmọ lẹ́nu. Lójoojúmọ́ ni ó ń sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ọmọ náà lè fara dà. Ó di 4, ó di 3, títí ehoro fi ń rìn káàkiri yàrá, títí ọmọ náà fi jẹ́ kí ó máa tọ́ ìka òun jẹ. Jones ṣe ìkìlọ̀ kan: bí a bá kánjú gbé ohun ẹ̀rù súnmọ́ ọmọ jù, dípò kí oúnjẹ pa ẹ̀rù, ẹ̀rù ni yóò ba oúnjẹ jẹ́.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní àárín ọdún 1940 sí 1950, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Joseph Wolpe dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú ológbò ní Johannesburg. Ó ti fi iná mànàmáná dẹ́rù ba àwọn ológbò náà nínú àgò, débi pé ebi kò lè mú wọn jẹun níbẹ̀ mọ́. Ó wá ń fún wọn ní oúnjẹ nínú yàrá tí kò jọ ibi ìyà, lẹ́yìn náà nínú èyí tí ó jọ ọ́ díẹ̀, títí wọ́n fi jẹun nínú àgò gan-an. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, ó sì di ohun èlò fún ìwòsàn ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ẹranko ti mú un padà fún ajá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé nínú ìpayà àwọn ẹranko tí kò ṣẹ̀ ni a ti rí díẹ̀ nínú ọgbọ́n tí a fi ń tu ẹranko nínú lónìí.

OHUN TÍ A KÒ LÈ FI Ẹ̀WỌ̀N FÀ

Apá kejì ọgbọ́n náà wá láti ọ̀dọ̀ B. F. Skinner ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1951, ó kọ àròkọ kan láti fi han gbogbo ènìyàn pé pẹ̀lú ohun ìṣeré kékeré tí ń dún tá, àti oúnjẹ díẹ̀, a lè kọ́ ajá ní ohun púpọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ìró náà ń sọ fún ajá pé, “Ohun tí o ṣe yìí gan-an ni mo fẹ́.” Ní Hawaii láti ọdún 1963, Karen Pryor lo irú ìlànà yìí fún dọ́fínnì, ẹranko inú òkun tí ó dà bí ẹja. Ta ni yóò fi ẹ̀wọ̀n fa ọrùn dọ́fínnì? Bí a bá bí i nínú, yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹja jíjẹ àti sùúrù nìkan ni ó kù. Ìwé tí Pryor kọ ní ọdún 1984 wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó ajá.

Báyìí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń tọ́jú ajá ẹnu ọ̀nà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Igi gànràn-gànran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Wọn a kọ́kọ́ wá ibi jíjìn tí ajá ti lè rí àlejò láìgbó, tí ó sì lè jẹun. Bí àlejò bá ti yọ, wọn a fún un ní ẹran wẹ́wẹ́; bí àlejò bá ti lọ, ẹran tán. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ajá a bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú olówó rẹ̀ nígbà tí ó bá rí àlejò, bí ẹni ń béèrè pé, ẹran mi dà? Ìgbà náà ni wọn yóò sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ajá bá kọ ẹran, wọ́n ti sún mọ́ ọn jù, wọn a sì padà sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀wọ̀n kò kúrò ní ọrùn rẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn. Sùúrù kì í ṣe àìbìkítà.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹran yìí yóò kọ́ ajá láti máa gbó sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbígbó ni à ń san èrè fún. Ìtumọ̀ tí àlejò ní lọ́kàn ajá ni à ń yí padà.

ÌDÁKẸ́JẸ́Ẹ́ KÌ Í ṢE ÀLÀÁFÍÀ

Àwọn mìíràn yóò ní, ṣé pàṣán kò tètè pa ajá lẹ́nu mọ́ ju èyí lọ ni? Lóòótọ́ ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier fi hàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé ọ̀pọ̀ ajá tí a bá fi ìrora jẹ níyà láìjẹ́ kí ó lè bọ́ yóò dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, yóò máa gba ìyà náà, kódà nígbà tí ọ̀nà àbáyọ ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ajá bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrètí rẹ̀ ni ó tán. Ní ọdún 2020, ìwádìí kan tí a ṣe lórí ajá 92 ní ilẹ̀ Pọtogí fi hàn pé àwọn ajá tí a fi ìyà kọ́ ní àmì ìdààmú nínú ìṣe àti nínú itọ́ wọn ju àwọn tí a fi èrè kọ́ lọ. Itọ́ ajá tí Pavlov fi bẹ̀rẹ̀ ni ó tún wá jẹ́rìí. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹranko ní Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ìwà ẹranko sọ ọ́ gbangba pé èrè ni kí a fi kọ́ gbogbo ajá, títí kan èyí tí ń bẹ̀rù àti èyí tí ń gbé ìjà.

Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá dúró níwájú kíláàsì kò ní ṣàì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí ajá. Nínú gbogbo kíláàsì ni a ti ń rí ọmọ tí a bi ní ìbéèrè tí kò lè fọhùn, tí ohun tí ó mọ̀ ní àná fò lọ bí olùkọ́ ti gbé ẹgba. Ó rọrùn láti pa òwe fèrè ọdẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ tó dá ajá lẹ́bi, ó yẹ kí ó béèrè ohun tí ó di ajá náà létí. Ní Leningrad, nígbà tí omi ti fà, tí ajá kò jẹun mọ́, kì í ṣe fèrè kíkan ni ó mú un bọ̀ sípò. Ẹnì kan wọlé, ó jókòó tì í.