Ọ̀fẹ́ Lọ́tọ̀, Òmìnira Lọ́tọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn lóde òní: ṣé dandan ni kí gbogbo ohun tí a bá kọ, tí a bá sọ, tí a bá yà ní fọ́tò, gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Àwọn tó ń béèrè rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Kì í ṣe tuntun fún àwa tí à ń kọ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí èdè wa ti ń gbé nínú irinṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún èdè tiwọn.

Ẹ wo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn míṣọ́nnárì CMS àti Samuel Ajayi Crowther ni wọ́n bá wa fi wọ́n síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìpàdé kan tó wáyé ní Èkó ní 1875 sì fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára lórí ìwé. Àfi ìgbà tí taipuráítà dé, tí kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá dáadáa á tẹ̀ ẹ́ tán, á wá mú bíró, á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìmọye ìwé ọ́fíìsì, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé ìkésíni fi wà nílẹ̀ tí kò ní àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. A máa ń sọ pé àwọn tó kọ wọ́n kò ka èdè wọn sí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Irinṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, olúkúlùkù ń ṣe fọ́ńtì tirẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kan, ó dára bí ẹwà. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kejì, gbogbo ẹ di àmì owó ilẹ̀ òkèèrè. Unicode ló wá tán ìyẹn. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, èrò rẹ̀ sì ni pé kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí kò ní yí padà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ àti ọ tí a rí níbẹ̀ ní odidi, èdè Vietnam ló ni wọ́n, nítorí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ṣ wà níbẹ̀ nítorí àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè Íńdíà. Àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ḿbà tiwọn. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ní láti so pọ̀ mọ́ ara wọn. Títí di òní, fọ́ńtì tí kò dára á gbé àmì ohùn náà sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi fìlà tó fẹ́ jábọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò sí nílé, akọ ni ewúrẹ́ rẹ̀ ń bí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òmìnira ti wọlé nìyí. Ní 1983 ni Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó lè tú wò, tó lè tún ṣe, tó sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ Finland, gbé Linux jáde. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, "free", ti kó ìdààmú bá wọn láti ìgbà náà, torí ó túmọ̀ sí ohun méjì. Wọ́n ń fi ojoojúmọ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Gmail jẹ́ ọ̀fẹ́. WhatsApp jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò sí èyí tí a lè tú wò nínú méjèèjì ká mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn wa.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lọ́dọ̀ wa, kó wo ọdún 2007. Ní ọdún yẹn, Nàìjíríà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, irú èyí tí Intel ń pè ní Classmate. Linux ni wọ́n gbà pé yóò wà nínú wọn, èyí tí Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé, ṣe. Wọ́n ti fẹnu kò, ọjà ti fẹ́ rìn. Lójijì ni Mandriva gbọ́ pé oníbàárà yóò san owó wọn o, ṣùgbọ́n pé yóò yọ Linux kúrò, yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, bínú. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, ó kọ lẹ́tà síta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń bi í pé kí ló ṣe fún àwọn èèyàn náà tí ọkàn wọn fi yí padà. Àwọn akọ̀ròyìn tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé Microsoft àti ilé-iṣẹ́ tó gba kọ́ńtírààkì náà ní Nàìjíríà ti ń sọ̀rọ̀ nípa dọ́là 400,000 fún ìpolówó ọjà. Microsoft ní àwọn ò ṣe ohun àìtọ́, pé wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àjọ ìjọba tó ń sanwó fún 11,000 nínú kọ̀ǹpútà náà, USPF, sọ pé Linux tí àwọn yàn ni àwọn dúró lé.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ni akọni inú rẹ̀, èyí tí a kì í sábà rí. Síbẹ̀, kí a má purọ́ fún ara wa: Microsoft yìí kan náà ló wá gbé Windows tó ń sọ Yorùbá jáde, pẹ̀lú ti Haúsá àti Igbo. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní owó tí yóò fi san fún atúmọ̀ èdè. Bọ́tìnnì Yorùbá tó wà nínú Linux, àwọn tó fi àkókò ara wọn sílẹ̀ ló ṣe é. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlà àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ALT-I, ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí èdè wa tipẹ́, mélòó nínú àwọn yunifásítì wa ló sì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó? Òmìnira ń jẹ owó. Ẹni tí kò bá san án, ẹlòmíràn á bá a san án, yóò sì ní ohun tó máa gbà.

Ohun tí wọ́n sì ń gbà lè kọjá owó. Ní 2009 ni Yahoo ti GeoCities pa. Ní 2020 ó ti Yahoo Groups náà. Ìjíròrò ọdún gbọọrọ wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun pẹ̀lú. Ẹni tí kò tètè kó ẹrù rẹ̀, ẹrù náà lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí, sí Mopamuro. Ní Amuro, fóònù ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní kí a lọ ra sáfà sínú ilé, níbi tí iná kì í ti í dúró, ń ṣeré ni. Ọ̀pọ̀ fóònù yẹn ló sì jẹ́ Android: ọkàn Linux ló wà nínú rẹ̀, Google ló jókòó lé e lórí. Ìpàdé ọmọ ìlú, ìròyìn òkú, owó àdájọ, gbogbo ẹ̀ wà lórí WhatsApp. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC ti Nàìjíríà bu owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 220 lé Meta lórí bó ṣe ń lo ohun tó mọ̀ nípa àwọn tó ń lo WhatsApp níbí; ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì dá FCCPC láre ní oṣù kẹrin 2025. Signal wà, àjọ tí kì í wá èrè ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ ló sì fi dọ́là mílíọ̀nù 50 gbé e ró ní 2018. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá nìkan lọ síbẹ̀, òun àti ara rẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ìdílé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹni márùn-ún, mẹ́fà. Fún ìwé kíkọ kò nira tó bẹ́ẹ̀: LibreOffice ń ṣe ohun tí Word ń ṣe, Keyman tí SIL ń tọ́jú ń kọ àmì ohùn wa lórí fóònù láìsí wàhálà.

Ohùn wa gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Ní 2024, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé àkójọ ẹ̀ka èdè Yorùbá jáde fún ẹ̀rọ, wọ́n pè é ní YORÙLECT: Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀kun ò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ ìyá àgbà kan láti Takete-Ide, àṣìṣe ni yóò pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan yóò wá gba ohùn yẹn sílẹ̀ láìpẹ́, ó sì yẹ kí a mọ irú àdéhùn tí yóò bá a wá. Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọlé níbẹ̀ di ti gbogbo ayé, kódà ti ilé-iṣẹ́ ńlá tí à ń sá fún. Ní New Zealand, ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn Māori, Te Hiku Media, gba ohùn tó lé ní wákàtí 300 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ní 2018. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ ra irú dátà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n kọ ìwé àṣẹ tiwọn pé ohùn náà jẹ́ ti àwọn tó ni èdè, àti pé ohun tí a bá fi ṣe gbọ́dọ̀ ṣe àwọn Māori láǹfààní.

Tí wọ́n bá dé Amuro lọ́la pẹ̀lú fóònù àti owó káàdì, ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ọba ni, àbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àbí ìyá àgbà tí ohùn rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀rọ? Èmi rò pé ìyá àgbà ni kí a kọ́kọ́ bi, kí a sì bi í ní èdè tó ń sọ nílé rẹ̀, kí a tó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan síwájú rẹ̀ pé kó tẹ àtàǹpàkò sí i.